Níbo Ló Ti Há? Ìtàn Àwọn Adàkọ Orin Òkè-Ògùn, láti Kásẹ́ẹ̀tì dé USB

Ẹni tó gbọ́njú ní Ìpàpó, ní Òtu tàbí ní Ìsẹ́yìn kí ọdún 2000 tó wọlé kò ní gbàgbé iṣẹ́ tí bírò máa ń ṣe lára kásẹ́ẹ̀tì. Bírò onígun mẹ́fà yẹn máa ń wọ inú ihò kásẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Ọmọdé a ti kásẹ́ẹ̀tì bọ bírò lẹ́nu, a wá máa fì í yípo yípo títí tẹ́ẹ̀pù yóò fi padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá fi rédíò yí i, bátìrì ni yóò jẹ. Ẹni tó fẹ́ ẹ̀dà orin náà yóò wá mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo dání, yóò lọ bá ẹni tó ní rédíò olójú méjì, yóò sì jókòó dè é. Orin ìṣẹ́jú ọgọ́ta, ìdúró ìṣẹ́jú ọgọ́ta.

Gbogbo ohun tí iṣẹ́ adàkọ orin ti là kọjá ní Òkè-Ògùn láti ìgbà náà, títí dórí wáyà USB àti kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux, ìlàkàkà láti gé ìdúró yẹn kúrú ni.

Ìpàpó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, tí Òtu jẹ́ olú rẹ̀, nínú ilẹ̀ ọ̀dàn tó ti Ìsẹ́yìn lọ dé Ṣakí. Ilẹ̀ àgbàdo ni, ilẹ̀ ẹ̀gúsí, ilẹ̀ iṣu àti ẹ̀gẹ́. Tábà pàápàá ti pa owó fún àgbẹ̀ lágbègbè náà. Reluwé tó gba Ìbàdàn lọ sí Òṣogbo àti Ìlọrin kò yà síbẹ̀. Ọkọ̀ ni ohun gbogbo ń bá dé, orin náà kò sì yàtọ̀. Bí wọ́n bá gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde l'Ékòó, ó di kí oníṣòwò kan tàbí awakọ̀ kan rà á, kó gbé e gòkè wá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó lè sọ ẹ̀dà kan ṣoṣo di ogún fi níyì ní irú ìlú bẹ́ẹ̀.

Láyé àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó lè dà á kọ nílé. Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́hùn-ún ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone lọ́dún 1922. Àwo ìgbà náà ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan. Olórin tó bá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu ní láti gé e. Nígbà tí àwo ńlá tó ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójú kan dé, ẹnu olórin tú. Lórí irú àwo bẹ́ẹ̀ ni Haruna Ìṣọ̀lá ti na àpàlà rẹ̀ gbọọrọ, tí Àyìnlá Ọmọwúrà ti ki àwọn ènìyàn rẹ̀ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, tí Láńrewájú Adépọ̀jù àti Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ sì ti ké ewì dé ilé ẹni tí kò mọ̀wé kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ńlá ilé iṣẹ́ nìkan ló lè tẹ àwo. Ẹni tí kò bá lówó rẹ̀ yóò lọ gbọ́ ọ nílé ẹni tó ní i.

Kásẹ́ẹ̀tì ló já ìdè yẹn. Ilé iṣẹ́ Philips ti ilẹ̀ Netherlands ló gbé e jáde lọ́dún 1963, ohun tó sì mú un yàtọ̀ ni pé ẹni tó ń fi gbọ́ orin náà lè fi kọ orin. Tẹ́ẹ̀pù tín-ínrín inú rẹ̀ kì í yára: kò tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tó ń rìn kọjá lójú ẹ̀rọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó ṣe ń rìn nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ọ ni yóò ṣe rìn nígbà tí wọ́n bá ń dà á kọ. Ibi tó há nìyẹn, kò sì sí ọgbọ́n tí adàkọ lè dá sí i ju kó ra rédíò tó ní bọ́tìnnì ìsáré, èyí tó ń mú kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì yí ní ìlọ́po méjì. Ohùn olórin yóò máa dún wéréwéré bí ohùn ẹyẹ nígbà tí wọ́n bá ń dà á kọ báyìí, ìṣẹ́jú ọgọ́ta yóò sì di ọgbọ̀n.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ìyára yẹn ń gbà padà. Ariwo ṣìṣìṣì a pọ̀ sí i, ìlù a sì rọ. Bí wọ́n bá tún ti ara ẹ̀dà da ẹ̀dà mìíràn kọ, ohùn a máa rẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó gba ẹ̀dà karùn-ún wáàsí tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn lè máa gbọ́ ohùn Ààfáà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú àmù. Àwọn oníbàárà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ojúlówó yóò béèrè bóyá láti ara ìyá kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti fẹ́ dà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é: ìyá kásẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ olówó orin kò ṣeé fò dá níbí. Lọ́dún 1988, Nàìjíríà ṣe òfin kan tó dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, ìyẹn Decree 47. Òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀, ti ọdún 2022, gba òǹtẹ̀ Ààrẹ ní oṣù Kẹta ọdún 2023. Ẹni tó ń da fuji tàbí sinimá kọ fún títà láìgbàṣẹ ń jẹ nínú òógùn ẹlòmíràn. Túndé Kèlání, tó ṣe sinimá Ṣaworoidẹ, wà lára àwọn tó ti pariwo ọ̀rọ̀ yìí títí. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń dà kọ ní Òkè-Ògùn ló jẹ́ olè, wáàsí àti ìwàásù pọ̀ nínú rẹ̀ tí ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ ń fẹ́ kó tàn káàkiri, ìsìnkú àti ìwúyè náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olè tó wà níbẹ̀, olè ni.

Síídì dé, ó sì tún mú ìdúró àtijọ́ padà wá. Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ ń kọ síídì ń rìn bí orin ṣe ń rìn, mẹ́rìnléláàádọ́rin ìṣẹ́jú orin, mẹ́rìnléláàádọ́rin ìṣẹ́jú kíkọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ìyára rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, ìlọ́po mẹ́rìndínlógún, títí ó fi dé ìlọ́po méjìléláàádọ́ta, tí síídì kan kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ mọ́. Ohun tó tóbi jù tó mú wá ni pé ẹ̀dà kò rẹ̀yìn mọ́. Nọ́ńbà ni orin ti dà, nọ́ńbà kì í sì í ṣá. Láti ìgbà náà, adàkọ lè máa sá eré bó ṣe wù ú láìba ohùn olórin jẹ́. Ìyára nìkan ló kù láti wá.

USB jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1996. Oríṣi ìyára méjì ló ní: èyí tó lọ́ra, fún kíbọ́ọ̀dù àti mọ́ọ̀sì, àti èyí tó jẹ́ mẹ́gábíìtì 12 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan, nítorí náà mẹ́gábáìtì kan ààbọ̀ ni 12 yẹn já sí lórí ìwé. Nígbà tí wáyà bá ti yọ owó ọ̀nà tirẹ̀, nǹkan bí mẹ́gábáìtì kan ló ń dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2000, USB 2.0 sọ 12 di 480. Ọdún yẹn kan náà ni fíláàṣì àkọ́kọ́ dé ọjà, láti ọ̀dọ̀ Trek 2000 ní Singapore àti IBM ní Amẹ́ríkà. Mẹ́gábáìtì mẹ́jọ ni ti IBM gbà, ìyẹn orin méjì péré.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní Nàìjíríà. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, fóònù olórin tó ní ààyè fún mẹ́mọ́rì ti dé ọwọ́ àgbẹ̀ àti ahunṣọ, iṣẹ́ adàkọ sì yí padà pátápátá. Kò sí rédíò olójú méjì mọ́. Tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn ilé. Oníbàárà yóò yọ mẹ́mọ́rì láti ẹ̀yìn fóònù rẹ̀, adàkọ yóò fi bọ inú ihò kékeré tó ń kà á, yóò béèrè irú orin tó ń fẹ́, yóò sì dà á sí i látinú háàdì tó so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ kárí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní Kidal, lápá àríwá Mali, Christopher Kirkley, ọmọ Amẹ́ríkà kan, kó irú orin tó ń ti mẹ́mọ́rì fóònù kan bọ́ sí òmíràn jọ, ó sì sọ wọ́n di àwo-orin.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ti wọlé. Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Finland lọ́dún 1991, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè ṣí i wò. Láàárín ọdún 2005 sí 2011, bí ẹnì kan bá béèrè, wọ́n ń fi síídì Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan, ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́ níbikíbi láyé, Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn. Ohun tó sún ọ̀pọ̀ sí i ni fáírọ́ọ̀sì. Fíláàṣì tó bá ti káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì dé máa ń kó kòkòrò wá bí ẹni tó ti ọjà àárín ẹ̀ẹ̀rùn dé pẹ̀lú ikọ́. Conficker, tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, gba ara fíláàṣì ràn káàkiri nítorí pé Windows máa ń ṣí ohun tó bá bá níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Lórí Linux, kòkòrò yẹn kò rí ilẹ̀kùn wọlé. Ẹni tó ń gba fíláàṣì lọ́wọ́ ogún ènìyàn lóòjọ́ ní ìdí láti fẹ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti fi háàdì bọ̀ ọ́, ó lè rí i pé ẹ̀rọ tuntun rẹ̀ ń fà bí ìgbín.

Ẹ̀tàn kan wà nínú èdè USB tó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ìyára 12 ni wọ́n pè ní full speed. 480 ni wọ́n pè ní high speed. Ẹni tó bá kọ àṣẹ dmesg sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí Linux sì dá a lóhùn pé òun ti rí ẹ̀rọ tuntun kan tó wà ní full speed, yóò rò pé kò kù síbì kan. Bẹ́ẹ̀, ìlọ́po ogójì ló fi wà lẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ rọrùn bí wọ́n bá là á yé ènìyàn. Kọ̀ǹpútà ìgbà USB 2.0 ní adènà méjì lẹ́nu ihò kan ṣoṣo: ti àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní UHCI tàbí OHCI, àti tuntun tó ń jẹ́ EHCI. Bí ètò tó ń darí tuntun, ehci_hcd, kò bá tíì jí, adènà àtijọ́ ni yóò gba àlejò náà, ìyára tó mọ̀ náà ni yóò sì bá a rìn. Gígábáìtì mẹ́jọ orin yóò gba wákàtí méjì ó lé. Ẹni tó bá mọ̀ pé kí òun jí ehci_hcd yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún parí kíkà rẹ̀. Nígbà tó yá, Linux fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ jáde pé ẹ̀rọ yìí kò sá eré dé ibi tó lè dé, pé kí wọ́n wá ihò tó yára fún un.

Ìtàn ẹyẹlé kan láti Gúúsù Áfíríkà bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí ìfàsẹ́yìn íntánẹ́ẹ̀tì ti sú so mẹ́mọ́rì gígábáìtì mẹ́rin mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹlé tó ń jẹ́ Winston, wọ́n sì jù ú sókè ní Howick kó fò lọ sí Durban, nǹkan bí ọgọ́rin kìlómítà. Wọ́n fi ẹrù kan náà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lásìkò kan náà. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni Winston fi débẹ̀. Nígbà tí wọ́n yóò fi da ohun tó gbé wá sínú kọ̀ǹpútà tán, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́fà ti kọjá, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì tíì kó ju ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tí adàkọ orin yóò rí nínú ìtàn náà yàtọ̀: ẹyẹ fò ní ọgọ́rin kìlómítà, kíkó ẹrù kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pẹ́ tó ìrìn àjò náà. Bí wọ́n bá pín gígábáìtì mẹ́rin sí nǹkan bí ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gọ́ta, ó jẹ́ mẹ́gábáìtì kan lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyára USB àtijọ́ gan-an nìyẹn.

Ohun tí àwọn ọmọ ọjà ń ṣe pẹ̀lú orin, àwọn ọ̀mọ̀wé ń ṣe é pẹ̀lú ìwé. Cliff Missen, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà tó ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Jos, rí i bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe gbówó lórí fún ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà. Ètò WiderNet tó dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Iowa kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì sínú háàdì, ó pè é ní eGranary, abà ìmọ̀, wọ́n sì ń gbé e fún ilé ẹ̀kọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó. Orúkọ yẹn yẹ Òkè-Ògùn jù. Àgbàdo tí wọ́n kó jọ nígbà ìkórè ni wọ́n ń jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, USB 3.0 jáde: mẹ́gábíìtì 5000 lórí ìwé. Linux ló kọ́kọ́ gbà á nínú gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ayé, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, pẹ̀lú ẹ̀dà 2.6.31. Sage Sharp, tó ń ṣiṣẹ́ ní Intel nígbà náà, ló kọ ètò náà. Lójú ọjà, àwọ̀ búlúù inú ihò ni àmì rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ mẹ́rin ló wà nínú ihò USB àtijọ́. Mẹ́sàn-án ló wà nínú ti tuntun, mẹ́rin àtijọ́ níwájú, márùn-ún tuntun lẹ́yìn.

Ètò irin yìí ló ń fa àìsàn kan tí kò ní oògùn lórí kíbọ́ọ̀dù. Bí ènìyàn bá rọra ń ti wáyà bọ ihò, irin mẹ́rin iwájú yóò kọ́kọ́ fara kan ara wọn. Kọ̀ǹpútà yóò rí USB 2.0, yóò kí i káàbọ̀, yóò sì dúró síbẹ̀. Wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tì í wọlé lẹ́ẹ̀kan náà ṣinṣin, ìyára á sì yọjú. Èyí tó tún wọ́pọ̀ jù ni ti wáyà. Ihò ẹ̀gbẹ́ háàdì USB 3.0 fẹ̀, ó pín sí méjì bí ilé tó ní yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù ìgbà náà bá ọ̀kan nínú méjèèjì mu rẹ́gí. Bí ojúlówó wáyà bá ti sọnù, wọ́n á ki ti fóònù bọ̀ ọ́, háàdì á tan iná, fáìlì á hàn, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á gbà pé ó dára. Ó ti padà sí 480 láìsọ fẹ́nì kan.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ lórí háàdì gígábáìtì 1000 kì í ṣe kékeré. Lórí USB 2.0, tó ń gbé nǹkan bí mẹ́gábáìtì 30 gidi, kíkó gbogbo rẹ̀ lọ sínú òmíràn yóò gba wákàtí mẹ́sàn-án ó lé. Lórí 3.0, háàdì tó ń yí ní inú lè gbé 110, iṣẹ́ náà á sì tán ní wákàtí méjì ààbọ̀. Níbi tí iná ìjọba, tí gbogbo ènìyàn ṣì ń pè ní NEPA, kì í dúró fún wákàtí mẹ́sàn-án, ìyàtọ̀ yìí ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ yóò ṣeé ṣe rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tí jẹnẹrétọ̀ ń dún ti di owó gọbọi. Bí iná bá sì já ní àárín kíkọ, kì í ṣe fáìlì tó wà lọ́nà nìkan ló wà nínú ewu. Ìwé àkọsílẹ̀ tí háàdì fi ń mọ ibi tí ohun gbogbo wà lè fa ya.

Nígbà tí ọ̀nà ti fẹ̀ tó báyìí, ibi tó há tún ṣí lọ sí ibòmíràn: sí ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà àti háàdì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti ń lo àṣà kan tí kò fàyè gba ju iṣẹ́ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyálé ilé tó rán ọmọ lọ ra iyọ̀ ni: ó di kí ọmọ dé kó tó rán an ní ata, ó di kí ata dé kó tó rán an ní àlùbọ́sà. Bí ọjà bá tilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé, oúnjẹ kò ní tètè jinná. Àṣà tuntun tí wọ́n pè ní UAS kó gbogbo iṣẹ́ fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá kọ́kọ́ pàdé aláta lọ́nà, kó kọ́kọ́ ra ata, kò sí ìjà níbẹ̀.

Matthew Wilcox kọ UAS fún Linux, ó sì wọlé pẹ̀lú ẹ̀dà 2.6.37 ní oṣù Kìíní ọdún 2011. Kò rọgbọ. Àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé wọ́n lẹ àmì mọ́ ọn pé ó ti bàjẹ́, ẹnikẹ́ni má lò ó. Ó tó ọdún 2014 kí Hans de Goede, tó ń bá Red Hat ṣiṣẹ́, tó tún un ṣe, tó sì padà sójú ayé nínú ẹ̀dà 3.15 ní oṣù Kẹfà. Láti ìgbà náà, àṣẹ kúkúrú kan ló ń tú àṣírí: lsusb -t. Kọ̀ǹpútà á to gbogbo ohun tó so mọ́ ọn lẹ́sẹẹsẹ bí ẹ̀ka igi, nọ́ńbà kan á sì wà ní òpin ìlà kọ̀ọ̀kan. 12M, 480M, tàbí 5000M. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ètò tó ń darí háàdì wà: usb-storage fún àṣà ìyá tó ń ránṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, uas fún tuntun. Bí ó bá kọ 480M síwájú háàdì tó yẹ kó wà ní 5000M, wáyà tàbí ihò ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá kọ 5000M pẹ̀lú usb-storage, ọ̀nà fẹ̀, ọmọ tí wọ́n ń rán ni kò gbọ́ ju iṣẹ́ kan lọ.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo háàdì ló ń jèrè UAS. Háàdì tó ń yí, tó ń kọ sinimá ńlá kan tẹ̀ lé òmíràn, kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. SSD, irú háàdì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ló ń mọ̀ ọ́n, pàápàá bó bá jẹ́ fáìlì kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn àpótí háàdì olówó pọ́ọ́kú kan sì wà tí ṣíìpù inú wọn ń sọ pé àwọn gbọ́ UAS, tí wọn kò gbọ́ ọ yé. Wọ́n á sáré díẹ̀, wọ́n á dákẹ́, Linux á tún wọn jí, wọ́n á tún dákẹ́. Fún irú wọn ni àwọn tó ń ṣe Linux ṣe ní ìwé orúkọ kan, tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ háàdì kọ ẹni tí kò gbọdọ̀ lo UAS sí. Ẹni tí háàdì tirẹ̀ kò sí níbẹ̀ lè fi í síbẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú usb-storage.quirks, nọ́ńbà náà, àti lẹ́tà u ní ìparí. Ìyára á dín, iṣẹ́ á parí. Iná tí ihò ń fún háàdì náà tún máa ń fa irú àìsàn yìí: 500 mílíáḿpù ni USB 2.0 là sílẹ̀, 900 ni ti 3.0, háàdì tí ebi iná bá sì ń pa á máa dákú dájí, ó yẹ kí wọ́n yẹ ìyẹn wò kí wọ́n tó fi ẹ̀sùn kan UAS.

Linux ní ìwà kan tó ti kó ìtìjú bá ọ̀pọ̀ adàkọ lójú oníbàárà. Bí wọ́n bá ń da orin sí fíláàṣì tó lọ́ra, inú mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń kó wọn sí ná. Ìlà tó ń fi iṣẹ́ hàn á sáré dé òpin, á sọ pé ó ti parí. Oníbàárà á yọ fíláàṣì, á gbé e délé, á bá àbọ̀ orin níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ kọ àṣẹ sync sójú kọ̀ǹpútà, yóò sì dúró títí yóò fi dá a lóhùn.

Bí wọ́n ṣe ṣètò inú háàdì náà ń dá kún ìdúró. FAT32 tí gbogbo fóònù mọ̀ kì í gba fáìlì tó bá tó gígábáìtì mẹ́rin, nítorí náà sinimá ńlá ń lọ sínú exFAT tàbí NTFS. exFAT wọ inú Linux ní òpin ọdún 2019, lẹ́yìn tí Microsoft tú àlàyé rẹ̀ síta. Ètò NTFS tuntun wọlé ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 2021. Kí ìgbà náà tó dé, ẹ̀yìn òde ọkàn Linux ni ètò NTFS ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà tí kò lágbára a sì máa mí gúlegúle.

Ohun tó pa iṣẹ́ adàkọ lára jù wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Android tó wà nínú fóònù àgbẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìpàpó, Linux ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Fóònù ń bá fóònù pín orin pẹ̀lú Xender láìsí wáyà, dátà sì ti dé. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga Òkè-Ògùn tó wà ní Ṣakí ń fi háàdì kó ìwé àti ètò kọ̀ǹpútà fún ara wọn, nítorí dátà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹni tó ṣì jókòó ti tábìlì, iṣẹ́ rẹ̀ ti ń di iṣẹ́ olùtọ́jú: háàdì àtijọ́ tó kún fún wáàsí, ìwúyè àti ìgbéyàwó ọdún mẹ́wàá, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún tákatàka, tí wọ́n fẹ́ kó ohun inú rẹ̀ kúrò kó tó kú.

Kásẹ́ẹ̀tì sì ṣì wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn. Ohùn bàbá tó ti kú, ìjálá tí ọdẹ kan sun níbi ìsìnkú ọ̀gá rẹ̀, ewì tí kò jáde lórí síídì rí. Ọmọ tó bá fẹ́ gbé e sínú háàdì yóò fi wáyà so rédíò mọ́ kọ̀ǹpútà, USB 3.0 àti UAS kò sì ní lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé tẹ́ẹ̀pù yẹn ṣì ń rìn bó ṣe ń rìn lọ́dún 1963. Yóò kọ́kọ́ wá bírò, yóò fi yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Yóò tẹ bọ́tìnnì, yóò sì jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó yí i sí ojú kejì.